Kí ni wọ́n kùn sábẹ́ ìlà náà?

Irú àwòrán kan ti gba orí fóònù wa kan. Ìlà kan ni wọ́n fà gòkè, wọ́n da ọ̀dà pupa sábẹ́ rẹ̀ títí ó fi dà bí òkè. Òkè náà ga títí dé ìparí ọdún 2024, lẹ́yìn náà ló ya lulẹ̀ lójijì. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí á gbà gbọ́ ni pé ọjà ti rọ̀. Kí ẹni tó yà á gbé e wá sí Alékúwodò níhìn-ín, kí ó fi han ìyá tó ń wọn gàrí. Ìyá náà yóò bi í pé ọjà ìlú wo nìyẹn.

Nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. NBS, àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò ní orílẹ̀-èdè yìí, kéde pé ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó ọjà fi gòkè láàárín ọdún kan. Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ó di ìdá 24.48. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀ láàárín méjèèjì: ọdún 2009 ni ìpìlẹ̀ ìṣirò tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé e bọ́ sórí ọdún 2024. N kò bá àjọ náà jà. Òṣùwọ̀n tó ti gbó yẹ ní pípààrọ̀, wọn kò sì fi bò. Ẹni tí mo ń bá jà ni ẹni tó so òṣùwọ̀n àtijọ́ mọ́ tuntun lórí ìlà kan ṣoṣo, tó sì fi ọ̀dà bo ojú ìsopọ̀ náà.

Ọ̀dà abẹ́ ìlà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ fún ojú pé kí ó ro gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Bí ìlà bá ń fi ìwọ̀n òjò tó ń rọ̀ sí Òṣogbo lójoojúmọ́ hàn, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo òjò oṣù náà. Àròpọ̀ yẹn ní ìtumọ̀. Ti owó ọjà yìí ńkọ́? Ní ìparí Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá epo kan kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà, ó sì fò sí nǹkan bí 500. Nítorí pé oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi wé irú rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, fífò kan ṣoṣo yẹn wà nínú ìṣirò oṣù méjìlá gbáko. Ẹni tó bá ro abẹ́ ìlà yẹn pọ̀ ti ka ìyà kan náà lẹ́ẹ̀méjìlá. Kí ni wọ́n wá kùn níbẹ̀?

Bí ìlà náà bá sì rẹlẹ̀ ní tòótọ́, ọjà kò tíì rọ̀. Ohun tí à ń rà ní 1,000 náírà, bí ó bá fi ìdá 30 gòkè, ó di 1,300. Bí ó bá fi ìdá 20 péré gòkè ní ọdún kejì, ó di 1,560. Òkè pupa kéré sí i; owó tó ń jáde lápò pọ̀ sí i.

Ibi tó yẹ kí wọ́n da ọ̀dà sí wà. Láti ọdún 1786 ni William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti ya ìlà méjì sórí ìwé kan, ọ̀kan fún ọjà tó ń wọlé, èkejì fún ọjà tó ń jáde, tó sì kun àárín wọn láti fi èrè tàbí àdánù ìlú hàn. Ẹ jẹ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2019, owó oṣù tó kéré jù lọ di 30,000 náírà. Ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja títí di Oṣù Keje ọdún 2024, ọdún márùn-ún ó lé oṣù mẹ́ta, kí ó tó di 70,000. (Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kò tilẹ̀ tètè san 30,000 yẹn.) Ìlà owó oúnjẹ kò sinmi ní gbogbo àsìkò náà. Bí ẹrù oúnjẹ tí 30,000 ń rà bá di 40,000, àlàfo jẹ́ 10,000 lóṣù; fún ọdún kan, ó di 120,000 náírà. Àlàfo yẹn ni kí wọ́n kùn. Náírà gidi ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fi owó kún owó oṣù, wọ́n kàn ń dín àlàfo ọjọ́ iwájú kù ni. Ti ẹ̀yìn wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó san án.

Òfin ọdún 2024 sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún owó oṣù yìí yẹ̀ wò, èyí tó túmọ̀ sí ọdún 2027. Ẹ̀yin aṣáájú òṣìṣẹ́ láti Òṣogbo dé Iléṣà, wọn yóò gbé òkè pupa tó ń rẹlẹ̀ yẹn síwájú yín. Ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ ya ìlà méjì tiyín, ẹ kun àárín wọn, kí ẹ sì kọ iye náírà tó wà níbẹ̀ sórí ọ̀dà náà gan-an.