Àná àti Òní Nínú Gẹ̀ẹ́sì Wa

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa tí a ti dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ wo ẹ̀yìn, kí a wá ohun tó ń gbé wa ṣubú nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ti kọjá. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa bi ara wọn pé kí ló kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fara balẹ̀. Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara mi bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì kẹta ni mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí àìsàn àyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bàbá mi lẹ́nu. Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni wọ́n ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan. Wọn kò mọ̀wé, èmi sì ni àkọ́bí wọn. Nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn, kí ó lè fún wọn ní iṣẹ́ tó fúyẹ́. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń sọ, mo ń kọ. Wọ́n ní, "Sọ fún ọ̀gá pé àyà máa ń dùn mí." Mo ronú díẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé: "My father used to have chest pain." Inú mi dùn sí gbólóhùn náà. Lójú tèmi, "máa ń" ni "used to". Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ ní kíláàsì nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tọ́ wa sọ́nà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èsì dé. Ọ̀gá náà kọ̀wé pé inú òun dùn pé àìsàn náà ti di ohun àtijọ́, ó sì ní kí bàbá mi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Bàbá mi rò pé wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ àwọn ni. Wọ́n lọ, wọ́n gbé ẹrù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé wọn wálé. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Oṣù méjì ni wọ́n fi wà lórí ibùsùn. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an títí mo fi wọ yunifásítì. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ kan ṣàlàyé "used to" fún wa ní ọdún kìíní, ara mi bù máṣọ. Ohun tí mo kọ sí ọ̀gá yẹn ni pé àyà a máa dun bàbá mi tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò dùn wọ́n mọ́. Ọ̀gá kò ṣìkà; ohun tí mo kọ ló kà.

Kí ló fa irú àṣìṣe báyìí? Òmùgọ̀ kọ́ ni. Èdè tiwa ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà ka àsìkò, ọ̀nà náà sì gún régé. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pa ara dà nítorí àsìkò. "Lọ" ni lánàá, "lọ" ni lónìí, "lọ" náà ni lọ́la. Bí mo bá ní "Olú lọ sí ọjà", ẹ ti mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ní "Olú mọ̀ mí", ẹ mọ̀ pé ó mọ̀ mí títí di ìsinsìnyí. N kò fi ohunkóhun kún ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n jẹ́ ló sọ àsìkò fún wa: ọ̀kan ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe, èkejì ń sọ ipò tí ènìyàn wà. Àwọn onímọ̀ gírámà wa fún àsìkò yìí ní orúkọ tó bá a mu, wọ́n pè é ní afànámónìí, èyí tó fa àná mọ́ òní. Ẹ wo bí orúkọ náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Yorùbá fa àná mọ́ òní. Gẹ̀ẹ́sì gé àná kúrò lára òní. Ojú ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gé e gan-an ni a ti ń fẹsẹ̀ kọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ibi mẹ́rin wò.

Èkínní ni "máa ń" tó kó bá bàbá mi. "Mo máa ń lọ sí oko" lè jẹ́ ti àtijọ́, ó sì lè jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni yóò jẹ́ kí a mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gba bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ṣì ń lọ, "I go to the farm" tàbí "I usually go to the farm" ni mo gbọ́dọ̀ wí. "I used to go" túmọ̀ sí pé mo ti ṣíwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó níwájú agbanisíṣẹ́, tó ní "I used to work hard", ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀lẹ ni òun báyìí.

Èkejì ni "ti". "Mo ti jẹun" ni "I have eaten", wọ́n bá ara wọn mu dáadáa. Ṣùgbọ́n Yorùbá gbà kí n sọ pé "Mo ti rí i lánàá", kò sì sí ẹni tí yóò bi mí léèrè. Bí mo bá gbé e bẹ́ẹ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, tí mo ní "I have seen him yesterday", ó di àṣìṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé ìsinsìnyí ni "have" ń wò: nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ní kété tí a bá ti dárúkọ àkókò tó ti kọjá, ìbáà ṣe "yesterday", ìbáà ṣe "last year" tàbí "in 1960", Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà. "I saw him yesterday" ló tọ́. Àwọn mìíràn tó ti gbọ́ pé "have" kò dára níbẹ̀ a sáré lọ mú "had", wọn a ní "I had seen him yesterday". Wọ́n sá fún òjò, wọ́n kó sódò. "Had" ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń fẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí ọ̀kan ṣíwájú èkejì, àwa náà sì ní irú rẹ̀. "Ọkọ̀ ti lọ kí n tó dé" ni "The bus had left before I arrived". Bí kò bá sí "kí n tó" lẹ́nu yín, tí kò sì sí lọ́kàn yín, ẹ má pe "had" síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni "kò". "N kò rí i" kò le rárá ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ti ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: "I did not saw him." Akẹ́kọ̀ọ́ náà rò pé òun ń ṣọ́ra ni. Wọ́n ti lù ú tó nítorí pé ó gbàgbé àná, ó wá fi àná sí ibi méjì. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé aṣọ àná kan ṣoṣo ló wà, ẹni méjì kì í sì í wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí "did" bá ti wọ̀ ọ́, ìhòòhò ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e yóò wà: "I did not see him." "Did you see him?" Bí "did" kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe á wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀: "I saw him."

Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ti òfin, ti ẹnu ni. Nínú Yorùbá, kò sí kọ́ńsónáǹtì tó ń parí sílébù, a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì léra wọn. Ìdí nìyẹn tí "bread" fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa, tí "class" fi di kíláàsì. Nígbà tí a bá pe "walked" tàbí "asked", ìró ìkẹyìn a sọ nù. Ohun tó bá sì ti sọ nù lẹ́nu, ọwọ́ a gbàgbé láti kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ òfin náà lórí, kí ó sì tún kọ "He ask me yesterday". Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò òfin mìíràn. Ẹni tí yóò mú un pe ọ̀rọ̀ náà sókè, títí etí rẹ̀ yóò fi gbọ́ ìró tó gbẹ̀yìn "asked", ni ó nílò.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ wa? "Go, went, gone, see, saw, seen." A kà á bí orin, ẹni tó bá ṣì í jẹ pàṣán. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni wọ́n sọ fún nígbà tó yẹ kí a lo "went", àti nígbà tó yẹ kí a lo "have gone"? Olùkọ́ wa gbọ́ Yorùbá, àwa náà gbọ́ ọ. Gbogbo wa sì bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì bí bàtà. Àṣìṣe wa wá di ohun ẹ̀rín. Ẹni tó bá yìnbọn ní gbangba, odindi ọdún ni a ó fi máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: mélòó nínú wa ni kì í panu mọ́ ní ìpàdé nítorí ìbẹ̀rù ìbọn yìí, tó sì jẹ́ pé ọgbọ́n tó wà nínú wọn ju ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lọ?

Àwọn kan gbà pé Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, pé bí ọmọ bá tètè fi í sílẹ̀ ni yóò dára fún un. N kò gbà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà; Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí a fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni ìjọba fagi lé ní ọdún 2025. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó mọ bí èdè ilé rẹ̀ ṣe ń ka àsìkò, kí ni yóò fi wọn ti àlejò?

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì wa sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé a gbọ́ ara wa yé. Èyí náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi àti bàbá mi gbọ́ ara wa yé. Ọ̀gá ni kò gbọ́ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, iṣẹ́ yìí di ọwọ́ yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde láti ọdún 1966, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì náà tẹ tirẹ̀ ní ọdún 1978. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè máa gbé gbólóhùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú pátákó. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a dá Sátidé méjì sí ọ̀tọ̀ lóṣù, kí a máa lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí wa, kí a fi Yorùbá ṣàlàyé àná àti òní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn àbúrò wa. Kò ná wa ní kọ́bọ̀ ju owó ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi ní ọdún kìíní yẹn, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé o ti wá mọ̀ ọ́n báyìí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n ní, "Ó dára. Kọ́ àwọn àbúrò rẹ."

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ire o.