ÒFIN OWÓ-ILÉ ÀTI ÀGBẸ̀ TÍ KÒ NÍ ÌWÉ OWÓ-OṢÙ

Nínú gbogbo ohun tí ìjọba lè ṣe fún mẹ̀kúnnù, díẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn tó òrùlé tí ó wà lókè orí rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀dà lè jìnnà sí ilé rẹ̀, ilé-ìwòsàn lè wà ní ìlú kejì, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ni ó ń sùn lálaalẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí lórí ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ń ṣe fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé, tí ó bá fẹ́ ra ilé, tàbí tí ó bá fẹ́ tún ilé ṣe. A kò fẹ́ jiyàn lórí bí owó náà ti pọ̀ tó. Ohun tí a ń béèrè ni pé: ta ni òfin gbà láyè láti nawọ́ gbà á, ta sì ni òfin fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ilé tí àwọn ènìyàn wa ń gbé. Ilé àwọn bàbá wa, amọ̀ ni. Ògiri rẹ̀ nípọn, koríko tàbí ewé ni wọ́n sì fi bò ó. Òrùlé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó jò, iná sì tètè máa ń ràn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n inú ilé náà a máa tutù lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí páànù dé, gbogbo ènìyàn ni ó sáré tọ̀ ọ́, wọn kò sì jẹ̀bi. Páànù kì í jóná bí ewé, kì í sì í béèrè àtúnṣe lọ́dọọdún. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bí oòrùn bá ti mú un, ooru rẹ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá bí ooru inú ààrò. Àjà tí a ń kàn sí abẹ́ páànù ni ó ń dá ooru náà dúró. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tán lórí páànù kò lè kan àjà mọ́; igi òrùlé àti páànù lásán ni yóò máa wò bí ó bá dùbúlẹ̀. Àìmọye ilé ni ó wà bẹ́ẹ̀ láti Ìmọ̀tà dé Àgbọ̀wá, láti Ìjẹ̀dẹ́ dé etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọ̀rinrin tún ń ba páànù jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn ọmọ a gbé ẹní jáde sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọn a sì jẹ wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí ni a ń sọ. Ọ̀rọ̀ ibà ni, àti ti ìyá tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn lóròòru.

Ní ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin àkójọ owó-ilé tí à ń pè ní National Housing Fund. Nígbà tí wọ́n ṣe é, òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá tó ₦3,000 lọ́dún máa dá ₦2.50 nínú ₦100 owó-oṣù rẹ̀ sí àkójọ náà, kí báǹkì owó-ilé ti ìjọba àpapọ̀, Federal Mortgage Bank, sì máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dá owó fún oṣù 6 lè béèrè ẹ̀yáwó láti fi kọ́ ilé tàbí láti fi ra ilé, èlé rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti báǹkì oníṣòwò. Bí kò bá yá a, yóò gba ohun tí ó dá padà nígbà tí ó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí tí ó bá fẹ̀yìntì. Ètò tí ó dára ni èyí, a kò ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Òfin náà kò tilẹ̀ lé àgbẹ̀ jáde. Ó gba ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ láyè láti wọlé, kí ó sì máa dá owó bí òṣìṣẹ́ ti ń dá a. Lórí ìwé, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà náà, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ pàdé ni pé èló ni ó ń gbà lóṣù. Kí ni yóò wí? Ẹ̀gẹ́ tí ó gbìn nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, ó di òjò ọdún tí ń bọ̀ kí ó tó di owó. Apẹja tí ó ń kó ẹja wá sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lè pa owó ńlá ní oṣù kan, kí ó má rí owó epo ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù kejì. Àwọn méjèèjì kì í ṣe tálákà tí kò ní iṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń bọ́ Èkó. Ohun tí wọn kò ní ni bébà kékeré tí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ ní òpin oṣù.

Báǹkì kan náà ní ẹ̀yáwó kékeré kan fún àtúnṣe ilé. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ₦1,000,000 ni ó pọ̀ jù tí ènìyàn lè yá, ó sì ní láti san án tán láàrin ọdún 5. Bí ẹ̀yáwó kan bá wà tí ó bá páànù tí ó ti dípẹtà àti ilé tí kò ní àjà mu, òun nìyí. Síbẹ̀, láti inú owó-oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ọ̀gá ibi-iṣẹ́ ni ó sì ń ṣe onídùúró. Ta ni ọ̀gá àgbẹ̀? Òjò ni, a kò sì tíì rí òjò tí ó fọwọ́ sí ìwé rí.

Ibi kejì tí ẹsẹ̀ ti ń kọ̀ ni ìwé ilẹ̀. Láti ìgbà tí Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, ìwé tí báǹkì ń fẹ́ rí kí ó tó fi owó ńlá sílẹ̀ ni C of O tàbí irú rẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí. Àwa kò sọ pé kí báǹkì má béèrè ohun ìdúró. Owó àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú, bí wọ́n bá fi ṣòfò, àwọn tí ó dá a ni yóò sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ní ilẹ̀ ní ìlú wa. Ilẹ̀ ẹbí ni. Bàbá bàbá ẹni ni ó ti tẹ̀ ẹ́ dó, olórí ẹbí mọ ààlà rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì lè fi ìka tọ́ ọ. Láti sọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di èyí tí ó ní C of O, a ó pe awọnlẹ̀, a ó san owó lọ́tùn-ún lósì, a ó sì máa lọ máa bọ̀ sí Aláùsá. Ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Aláùsá nìkan tó ohun tí í mú kí ènìyàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn, owó ìwé náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó páànù tí ẹni náà ń wá kiri.

Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn opó ti ń dùn wá jù. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ó ń gbé yàrá méjì nínú ilé ẹbí ọkọ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kò lè mú ìwé ilé náà jáde láé, nítorí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, kò sì ní sí nínú rẹ̀. Òun ni ó ń gbé abẹ́ òrùlé tí ó ń jò. Bí àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ń gbé ní Èkó kò bá rántí ilé náà, kò sí ọ́fíìsì kan tí ó lè lọ bẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni èyí, kì í ṣe ti ìjọba. Ó di ọ̀rọ̀ ìjọba ní ọjọ́ tí ìjọba bá fi ìwé ilé ṣe òṣùwọ̀n ìrànlọ́wọ́.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ètò tirẹ̀. Láàrin 1979 sí 1983, Alhaji Lateef Jakande kọ́ àwọn ilé mẹ̀kúnnù tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lára wọn títí di òní, ní Ìsọlọ̀, ní Abẹ́sàn, ní Àmùwò àti níbòmíràn. Ohun tí a fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà ni pé ilé ni wọ́n kọ́kọ́ mú kéré, kí ó lè bá àpò mẹ̀kúnnù mu, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò gbé e. Ní 2014, nígbà ìjọba Babatunde Fashola, ètò LagosHOMS béèrè pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé kó ₦30 nínú ₦100 iye ilé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè gbé e. Ní òpin 2016, Akinwunmi Ambode mú ètò mìíràn wá tí ẹni tí ń gbé ilé yóò fi máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń san owó yàrá: ₦5 nínú ₦100 ni a ó kọ́kọ́ san, a ó sì san ìyókù láàrin ọdún 10. A yìn ín fún èyí. Ìjọba ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí Ìgbógbo ní Ìkòròdú, ó sì kọ́ sí Odò-Onosà àti Àyándélù ní apá Ẹ̀pẹ́.

Àwọn ohun tí ètò náà béèrè kò burú tán. Ó ní kí ẹni náà jẹ́ olùgbé Èkó tí ó ti forúkọ sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó fi ìwé owó-orí hàn. Èyí náà tọ́, nítorí ìjọba ń gba owó-orí lọ́wọ́ oníṣòwò kéékèèké pẹ̀lú, ìyá alátà sì lè mú ìwé tirẹ̀ jáde bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ó ní kí ó jẹ́ ilé àkọ́kọ́ tí ẹni náà yóò ní, kí ọlọ́rọ̀ má baà kó mẹ́wàá jọ. A fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Ó tún ní kí owó tí a ó máa san lóṣù má ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ń wọlé fún ẹni náà. Àánú ni ó wà nínú òfin yìí, kí gbèsè má baà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tún dá wa padà sí ìbéèrè àtijọ́: èló ni ó ń wọlé fún ọ lóṣù?

Àléébù tí ó tóbi jù ni pé gbogbo ètò wọ̀nyí, ẹni tí ó ń wá ilé tuntun ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ó ti ní ilé tirẹ̀, bí ó ti wù kí ilé náà burú tó, kò sí ohun tí ó kàn án nínú wọn. Òfin a wò ó pé onílé ni, a sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ rí: wọ́n ní ilé, ilé kò sì ní àjà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù ni ó ń bá tálákà jà, kì í ṣe ooru. Láti 2013 ni òfin kan níbẹ̀ ti fi dandan mú àwọn ilé-iṣẹ́ iná láti náwó lórí ilé àwọn aláìní, kí wọ́n fi ohun bí òwú di àjà àti inú ògiri, kí ooru má baà sá jáde. Ẹni tí ó ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò pé ó yẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ tálákà kò sí nínú ìwé yẹn: ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, arúgbó tí kò fẹ́ tọrọ. Ní 2017, wọ́n fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní àyè láti wo agbègbè wọn, kí àwọn fúnra wọn kọ orúkọ àwọn ilé tí ó yẹ, bí kò tilẹ̀ sí ìwé owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ onílé. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Peckham mọ ètò yìí, wọ́n sì mọ̀ pé kò pé pérépéré, nítorí ayálégbé ṣì ní láti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri. Ṣùgbọ́n kókó ibẹ̀ dára: ẹni tí ó sún mọ́ ilé ni kí ó sọ bí ilé ti rí.

Àwa náà ti ṣe ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní January 1955, nígbà tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé owó-oṣù lọ́wọ́ bàbá ọmọ. Ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó, ó wọlé. A mọ̀ pé owó kò lè tó láti ṣe òrùlé gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe gbà pé òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wà.

Òṣùwọ̀n tí a dábàá nìyí. Fún àtúnṣe ilé, kí ìjọba fi ipò tí ilé wà ṣe ìpìlẹ̀, kì í ṣe ìwé tí onílé ní. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ti forúkọ sílẹ̀ dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dípò ọ̀gá ibi-iṣẹ́. Báǹkì owó-ilé ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe nínú ẹ̀yáwó ìkọ́lé, nítorí náà kì í ṣe àjèjì ohun. Ìwé àjọ tí ènìyàn ti dá fún ọdún mẹ́ta láìyẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí ìwé owó-oṣù. Kí wọ́n jẹ́ kí àgbẹ̀ san gbèsè rẹ̀ nígbà ìkórè, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní ti ilé ẹbí, kí ìwé tí olórí ẹbí àti baálẹ̀ bá fọwọ́ sí tó fún owó kékeré, kí opó tí ń gbé inú ilé sì lè bèèrè ní orúkọ ara rẹ̀.

Ìkòròdú ní ìjọba ìbílẹ̀ 1 àti ti ìdàgbàsókè 5. Ẹ̀pẹ́ ní 1 àti 2. Ọ́fíìsì mẹ́sàn-án nìyẹn tí ó lè rán ènìyàn láti wo òrùlé. Ẹ̀rù kan ń bà wá níbẹ̀, a ó sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa láìfi bọpo bọyọ̀. Bí káàdì ẹgbẹ́ bá di ìwé ẹ̀rí ní ọwọ́ káńsẹ́lọ̀, ó sàn kí a fi C of O sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí ìwé ilẹ̀ kò mọ ẹni tí o dìbò fún. Nítorí náà, kí wọ́n lẹ orúkọ gbogbo àwọn tí ó bá rí owó gbà mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti ní ẹnu ọ̀nà ọjà, pẹ̀lú àdúgbò wọn àti iye tí olúkúlùkù gbà. Bí àwọn tí ó yẹ bá pọ̀ ju owó lọ, kí wọ́n ṣẹ́ gègé ní gbangba, bí LagosHOMS ti ṣe ní 2014. Ọ̀gá tí ó ní ilé alájà mẹ́ta ní Èkó, tí ó wá forúkọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kò ní fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ hàn lára ògiri ọjà Olúwo.

Ìpàdé àwọn wọ́ọ̀dù ń bọ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí bi alága ìjọba ìbílẹ̀ yín ní ohun méjì: òrùlé mélòó ni wọ́n ti lọ wò ní àdúgbò yín, àti níbo ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí.