Ẹ̀yin ọmọ tech, ẹ má jẹ́ kí lọ́yà físà hun ìtàn ayé yín fún yín

Láti Computer Village ní Ìkẹjà dé Ọba Akran, títí wọ Ọ̀gbà àti Agége, ìbéèrè kan náà làwọn ọmọ kọ̀ǹpútà àtàwọn ẹńjínnìà ilé iṣẹ́ ń bi ara wọn: "Lọ́yà wo lo lò?" Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn ni pé, kí gan-an ni iṣẹ́ lọ́yà físà?

Torí pé mo kàwé òfin, àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi ìpolówó ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá àwọn wò ó. Àwọn kan ń ta lẹ́tà ìjẹ́rìí, àwọn kan ń ta àmì-ẹ̀yẹ. Àwọn míì tiẹ̀ ń ta àpilẹ̀kọ tí ẹlòmíì kọ, orúkọ yín ni wọ́n kàn máa fi sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àwàdà.

Ẹ wo físà Global Talent tí UK bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2020. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ní ọ̀gá tó máa gbà yín síṣẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wu àwọn ọ̀dọ́. Tech Nation ló ń yẹ ìwé àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà wò. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Royal Society àti Royal Academy of Engineering ló ń wo ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹńjínnìà. Tech Nation máa ń béèrè lẹ́tà mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ògbóǹtarìgì tó mọ iṣẹ́ yín, àti ẹ̀rí tí kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó físà náà di £766, yàtọ̀ sí owó ìlera £1,035 lọ́dọọdún. Kò sí òfin tó ní dandan ni kẹ́ ẹ gba lọ́yà.

Kí wá ni lọ́yà wà fún? Lọ́yà gidi máa bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ ti ṣe, á yọ ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kúrò, á to èyí tó kù. Tí iṣẹ́ yín ò bá tíì tó, á sọ pé, "Ẹ ṣì dúró ná, ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Ẹni tó bá ní físà yín ti dájú, ẹ sá fún un, torí kì í ṣe òun ló máa fọwọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ṣebí gbogbo ayé ló ń ṣe é." Ó dáa. Tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ní UK, wọ́n lè tìlẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún 10. Ní Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ títí ayé, àfi tí wọ́n bá foríjì yín. Orúkọ yín ló wà lórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ájẹ́ńtì á ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ síbòmíì. Ẹńjínnìà tó ṣiṣẹ́ òótọ́ ní Ọba Akran náà á fara gbá a, torí ojú ìfura ni wọ́n á fi máa wo lẹ́tà tiẹ̀ náà.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá orúkọ lọ́yà náà wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wa. Tó bá jẹ́ UK ló wà, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá IAA tàbí SRA mọ̀ ọ́n. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórúkọ yín, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin àgbà NBA ẹ̀ka Ìkẹjà náà, ìtòsí yín lọjà yìí wà. Lọ́yà tó bá ń fi ìwé àṣẹ rẹ̀ bo àwọn tó ń ta lẹ́tà èké, iwájú ìgbìmọ̀ LPDC ló yẹ kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ wa ló máa bá ní pápákọ̀ òfuurufú.