Ẹsẹ̀ Tó Ń Wọ́ Nílẹ̀: Kí A Mọ Ìdí Rẹ̀ Kí A Tó Wá Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Òwe yìí bá àìlera kan mu tó wà ní Glei àti ní agbègbè Atakpamé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Àìlera náà ni ti ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀.

Ẹni tó ní i lè dìde, ó lè dúró, ó sì lè rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀, iwájú ẹsẹ̀ náà kì í gòkè. Ó ń rọ̀ sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń gbo ilẹ̀. Kí ó má baà kọsẹ̀, onítọ̀hún a gbé orúnkún sókè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, tàbí kí ó ju ẹsẹ̀ náà yípo láti ẹ̀gbẹ́. Bàtà rẹ̀ a tètè jẹ níwájú. Sálúbàtà a bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì lè rò pé ọ̀ràn kékeré ni. Ní Glei, kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ẹsẹ̀ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ fún àgbẹ̀. Ebè ga, poro jìn, òjò sì máa ń mú kí ọ̀nà oko yọ̀. Ìyá tó ru ẹrù lọ sí ọjà kò lè máa wo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́ gbòǹgbò, òun àti ẹrù ni yóò wó. Ọmọ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìwé ń pẹ́ dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lè máa sín in jẹ. Báyìí ni ẹsẹ̀ kan ṣe ń gba oúnjẹ lẹ́nu ìdílé, tó sì ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ.

Àwọn kan a sọ pé onítọ̀hún tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ayé ló ń ṣe é. Wọn a ta ewúrẹ́, wọn a ta iṣu, wọn a ná owó náà síbi tí kò ti sí ìwòsàn. Oṣù ń gorí oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni àìlera yìí ní ìdí tí dókítà lè wá rí, oṣù àkọ́kọ́ sì ni ó ṣe pàtàkì jù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Iná mànàmáná lè là á yé ènìyàn. Kí gílóòbù tó tàn nínú ilé, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ dára: ibi tí iná ti ń wá, wáyà tó gbé e wá, àti gílóòbù fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹsẹ̀. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ. Àṣẹ náà ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ó sì bọ́ sínú iṣan ìmọ̀lára tó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Iṣan yìí ló ń gbé e lọ fún ẹran tó wà níwájú ojúgun. Ẹran náà á sún kì, ẹsẹ̀ á sì gòkè. Ibi yòówù tí ọ̀nà yìí bá ti já, ẹsẹ̀ yóò rọ̀. Ìrìn aláìsàn méjì lè jọ ara wọn, kí ìdí wọn má sì jọra rárá.

Nígbà mìíràn, òkè lọ́hùn-ún ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, nínú ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Àrùn rọpárọsẹ̀ tó ń kọlu àgbàlagbà ló wọ́pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni ó sábà ń fà á. Wáyà ìsàlẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n àṣẹ kò wá mọ́.

Nígbà mìíràn, wáyà fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, ní apá òde, iṣan ìmọ̀lára yìí yí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ká, awọ nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kàn ibẹ̀ yóò rí i bí ó ti súnmọ́ òde tó. Alùpùpù tó bá ṣubú lu ènìyàn lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà ńlá Lomé lè fọ́ ibẹ̀. Igi tí teguntegun dì le jù, tàbí páláítà tí ilé ìwòsàn fi há ẹsẹ̀ mọ́, lè tẹ̀ ẹ́ pa. Kí ènìyàn lóṣòó fún wákàtí púpọ̀ nídìí iṣẹ́ oko lè fún un pa. Àrùn ẹ̀tẹ̀ náà ń ba iṣan yìí jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àtọ̀gbẹ. Ní ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó ti ń pa orísun wáyà náà. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé àrùn yìí, irú èyí tó ń wá láti inú ẹ̀dá, ti kúrò ní agbègbè Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tó mú nígbà ọmọdé ṣì wà láàárín ìlú.

Ìdí kan ṣì kù tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀, nítorí ọwọ́ ènìyàn ló ń fà á. Iṣan ìmọ̀lára tó tóbi jù lọ nínú ara ń gba inú ìdí kọjá, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn itan. Bí wọ́n bá gún ọmọ kékeré ní abẹ́rẹ́ níbi tí kò yẹ ní ìdí, abẹ́rẹ́ tàbí oògùn inú rẹ̀ lè ba iṣan náà jẹ́. Ọmọ tó ní ibà lánàá á wá máa wọ́ ẹsẹ̀ lónìí. Abẹ́rẹ́ kíníìnì wà lára àwọn tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ ìjàǹbá yìí ní Áfíríkà. Láti ọdún 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa lo artésunate dípò kíníìnì fún ọmọdé tí ibà líle bá mú. Ibà tí kò le kò nílò abẹ́rẹ́ rárá. Oògùn tí a ń gbé mì tó o. Bí abẹ́rẹ́ bá sì di dandan fún ọmọ ọwọ́, iwájú itan ní apá òde ló dára ju ìdí lọ. Kò yẹ kí òbí kankan bẹ̀bẹ̀ fún abẹ́rẹ́ nítorí pé ó gbà pé abẹ́rẹ́ lágbára ju oògùn ẹnu lọ. Kò sì yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ìlera máa gbé abẹ́rẹ́ kiri ilé.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti rọ̀, kí ni ṣíṣe? Àwọn tó ní ìbátan ní òkè òkun lè ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ kan tó ń fi iná mànàmáná gbé ẹsẹ̀ sókè. Òótọ́ ni pé ó wà. Ó ti lé ní igba ọdún tí Luigi Galvani, ará Ítálì, fi hàn pé iná mànàmáná lè mú kí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú ta pọ́nún; ọdún 1791 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1961, Dókítà Wladimir Liberson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe lo ọgbọ́n yìí fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún un ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Àpótí kékeré kan wà tí bátìrì wà nínú rẹ̀. Wáyà méjì ti ara rẹ̀ wá sí rọ́bà méjì tó ń lẹ̀ mọ́ awọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, èkejì níwájú ojúgun. Bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ gìgísẹ̀ nínú bàtà. Bí gìgísẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, iná díẹ̀ á lọ sínú iṣan, ẹran á sún kì, iwájú ẹsẹ̀ á gòkè. Bí gìgísẹ̀ bá tún kan ilẹ̀, iná á dákẹ́. Ó ń rí lára bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, àjọ NICE tó ń gba àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn sọ pé ẹ̀rí tó wà tó láti lò ó fún ẹsẹ̀ tó rọ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yìí kò dá wáyà sílẹ̀. Wáyà tó ṣì wà láàyè ni ó ń lò. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè jàǹfààní rẹ̀, nítorí iṣan ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò kú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí abẹ́rẹ́ já iṣan rẹ̀, ẹni tí ẹ̀tẹ̀ jẹ iṣan rẹ̀ tán, àti ẹni tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú nígbà èwe, kò sí ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún wọn. Ìdílé tó bá fi ilẹ̀ yáwó láti ra á láìṣe àyẹ̀wò lè ra àpótí òfìfo. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí ọkàn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ọ̀ràn owó tún wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní òkè òkun lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Rọ́bà rẹ̀ ń gbó, ó sì ń fẹ́ pípààrọ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá já ní abúlé, ta ni yóò tún un ṣe?

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò tọ́ sí ará oko. Ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní díẹ̀, kí àwọn kiné, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ara wo aláìsàn, lè lò ó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí rọpárọsẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè ran àwọn tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ike fúyẹ́ kan ni, tí wọ́n mọ bí ìrísí ẹsẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn ojúgun sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wọ inú bàtà, ó sì ń di ẹsẹ̀ mú kí ó má baà rọ̀. Kò lo bátìrì, kò bìkítà bóyá wáyà kú tàbí ó yè. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé to ohun ìrànwọ́ 50 tó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè pèsè fún àwọn tó nílò wọn. Irú ohun tó ń di ẹsẹ̀ mú báyìí wà lára wọn. Togo kò sì ṣàìní ọwọ́ tó lè ṣe é. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní CNAO wà ní Lomé fún irú iṣẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ENAM ní Lomé sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà.

Nínú ilé pàápàá, iṣẹ́ wà láti ṣe. Iṣan ìmọ̀lára tí kò já pátápátá lè hù padà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, bíi mìlímítà 1 lójúmọ́. Láti ìdí dé ojúgun àgbàlagbà, ó lè ju ọdún kan lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ iwájú ẹsẹ̀ náà sókè lójoojúmọ́, kí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ má baà le. Ẹsẹ̀ tó bá ti le sísàlẹ̀ kì í wọ ike mọ́. Ibi tí ìmọ̀lára bá ti kú, ẹ̀gún lè gún un láìmọ̀; kí wọ́n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò ní alaalẹ́, kí wọ́n má sì rin láìwọ bàtà. Ẹni tó bá ní àmì tó ràn lára tí kò mọ ìfọwọ́kàn, kí ó tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀tẹ̀. Láti ọdún 1995 ni oògùn rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ káàkiri ayé. Bí ẹ̀tẹ̀ bá sì ti rọ ẹsẹ̀ ná, oníṣẹ́ abẹ lè mú okùn ẹran láti inú ẹsẹ̀ wá síwájú kí ẹsẹ̀ lè gòkè.

Ìyókù wà lọ́wọ́ ìjọba. Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ní Togo ti wà láti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2004. Ní ọdún 2011, Togo tún fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn. Ìwé dára, ṣùgbọ́n ìwé kì í gbé ẹsẹ̀ sókè. Kí ètò ìdójútòfò ìlera fún gbogbo ènìyàn san owó ike ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń san owó oògùn. Kí àwọn tó ń ṣe ike máa wá sí Atakpamé ní ọjọ́ tí gbogbo abúlé mọ̀, kí àgbẹ̀ Glei má baà san owó ọkọ̀ Lomé lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìwọ̀n, ìgbìdánwò àti àtúnṣe. Kí ilé ìwòsàn máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá kà, kò sẹ́ni tí yóò dá a dúró.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ní Glei kò tọrọ àánú. Ó fẹ́ dé oko rẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí ó sì padà sílé láìṣubú. Ike kékeré kan, tí ó bá tètè dé, lè ṣe èyí fún un.