Ọ̀nà Kan, Owó Méjì: Ẹ̀tàn Tó Wà Nínú Ẹ̀dínwó Ọkọ̀ ní Accra

Nígbà tí ẹgbẹ́ awakọ̀ GPRTU kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 pé owó ọkọ̀ yóò fi 15% dínkù ní Ghana, ìkéde náà dùn létí. Cedi ti gbérí, epo ti wálẹ̀, ó sì tọ́ kí mẹ̀kúnnù jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi èrò tó ń ti Kasoa bọ̀ wá sí àárín Accra léèrè iye ìgbà tí yóò sanwó kí ó tó dé ibi iṣẹ́?

Awakọ̀ trotro mọ bí a ṣe ń gé ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí onídánfó Èkó náà ṣe mọ̀ ọ́n. Yóò sọ gbogbo èrò kalẹ̀ lágbedeméjì, mate yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò tuntun, ẹni àkọ́kọ́ yóò sì tún ki ọwọ́ bọ àpò. Ká ní cedi mẹ́wàá ni owó ọ̀nà kan, tí ẹ̀dínwó sọ ọ́ di mẹ́jọ ààbọ̀. Bí wọ́n bá gé ọ̀nà náà sí méjì, tí wọ́n ń gba márùn-ún ààbọ̀ lórí ìdajì kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá ni èrò san. Níbo ni ẹ̀dínwó wọlé sí?

Ó rọrùn láti bú awakọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ló ni ọkọ̀. Iye kan pàtó ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, yálà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà tàbí kò sí. Ọlọ́pàá tó mú awakọ̀ lọ́sàn-án kò san gbèsè alẹ́ bá a.

Ìjọba ti fi ọwọ́ kan ojútùú rí. Ní ìparí ọdún 2016, bọ́ọ̀sì Aayalolo bẹ̀rẹ̀ láti Amasaman sí Tudu, lẹ́yìn ètò ọlọ́dún púpọ̀ tí Báńkì Àgbáyé lọ́wọ́ sí. Bọ́ọ̀sì 245 ni wọ́n rà. Káàdì ni èrò fi ń sanwó, ìjà ṣẹ́ńjì sì dópin. Ṣùgbọ́n wọn kò la ọ̀nà tirẹ̀ fún un bí ó ti yẹ, bọ́ọ̀sì ńlá àti trotro sì jọ há sínú súnkẹrẹ kan náà. Bí èrò bá sì sọ̀kalẹ̀ tó fẹ́ wọ trotro, káàdì náà di páálí lásán. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo nínú ilé olójúlé mẹ́wàá, kí ni ènìyàn fẹ́ fi ṣe?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 kan náà, London pàṣẹ pé ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì kejì láàárín wákàtí kan kò ní san kọ́bọ̀ lé e. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ṣe èyí. Ìpinnu ìjọba ni.

Àwọn kan ń sọ pé MoMo ti yanjú ọ̀rọ̀ Accra. Irọ́ ni. MoMo rọ́pò ẹyọ owó, kò rọ́pò tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fi fóònù sanwó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló san. (Orúkọ trotro gan-an, inú ọ̀rọ̀ Gà fún owó tí Yorùbá ń pè ní tọ́rọ́ ló ti wá. Tọ́rọ́ kan ni, kì í ṣe méjì.)

Nígbà mìíràn tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà àti ẹgbẹ́ awakọ̀ bá jókòó dúnàádúrà, kí wọ́n dá owó lé ìrìn àjò láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lágbedeméjì, kí tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gbé e wọ ọkọ̀ kejì, kí àwọn ọ̀gá ibùdókọ̀, tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ lójoojúmọ́, sì pín owó náà láàárín ara wọn.