Kúlà tí a ń gbé lọ Òṣogbo

Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ, a ó sì tún gbé kúlà.

Èmi ni mo jẹ̀bi tèṣí. Mọ́ínmọ́ín ṣì gbóná janjan tí mo ní kí wọ́n kó o lé áìsì, torí ilẹ̀ ti mọ́ bá wa ní Ìṣẹ̀rí. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ká wa mọ́ ọ̀nà Ìbàdàn. Ká tó dé Gbọ̀ngán, áìsì ti di omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọmọ-ọmọ mi jẹ nínú ẹ̀, ọjọ́ méjì ló fi bì tó fi ṣu. Ọmọ tí a gbé lọ tọrọ àlàáfíà lọ́dọ̀ Yèyé!

Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ tutù, kó sun inú fírísà (tí iná bá wà) kí ẹ tó dì í. Kúlà náà, ẹ ju áìsì díẹ̀ sí i lálẹ́ kí inú ẹ̀ ti tutù sílẹ̀. Omi inú ọ̀rá tó dì gbagidi ló dáa jù: ó ń pẹ́ ju áìsì wẹ́wẹ́ lọ, tó bá yọ́, ẹ mu ún. Ẹ kó o kún, àyè tó ṣófo ń yọ́ áìsì. Ẹran tí ẹ ò tíì sè, nísàlẹ̀, nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ohun mímu gbọ́dọ̀ ní kúlà tiẹ̀, torí àwọn ọmọdé ò ní yé ṣí i.

Oúnjẹ tó bá lò ju wákàtí kan nínú ooru, ẹ dà á nù. Gbígbé e kaná padà ò lè pa gbogbo májèlé inú ẹ̀.

Ìyàwó mi ní gààrí àti ẹ̀pà ò mọ áìsì. Òun ni yóò di ẹrù lọ́dún yìí.