Gbèsè àti Àṣírí Ìjọba



Ẹnì kan lè wí pé, "Kí ló kan ìjọba nínú gbèsè tí mo jẹ?" Mo ní ó kàn án. Láyé àwọn baba wa, ológò a máa wá jókòó ti onígbèsè nílé títí yóò fi san owó olówó. Lónìí, ìwé ni ológò.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà ní Amẹ́ríkà. Èyí tó bá ti di ọmọ ìlú níbẹ̀, tó sì fẹ́ iṣẹ́ tí yóò mú un mọ àṣírí ìjọba, wọn yóò yẹ ọ̀ràn owó rẹ̀ wò. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti 2017 wí pé ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn lè ṣe ohun tí kò tọ́ nítorí owó. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gba àwíjàre. Bí àìsàn tàbí ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ bá fà á, tí onígbèsè sì ń san án díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ náà lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó ń sá fún olówó, tó sì ń purọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ni ewu wà fún jù.

Nílé níbí pẹ̀lú, òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wí pé òṣìṣẹ́ tí gbèsè bá dà láàmú débi pé iṣẹ́ rẹ̀ ń bàjẹ́ lè fojú winá ìbáwí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá jẹ gbèsè, ẹ tọ olówó lọ fúnra yín. Ẹ bá a ṣe àdéhùn, ẹ máa san díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa gba rìsíìtì. Ọmọ Ọlálọmí kì í sá fún ìjàkadì. Ẹ má sá fún gbèsè.